Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Là

Ìyá àgbà mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí a bá ń lọ oko. Bí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, á dúró, á fi ọwọ́ kan di agbọ̀n orí rẹ̀ mú, á sì fi ọwọ́ kejì ya ẹ̀ka ewé tútù kan lára igi tó bá wà nítòsí. Ọ̀nà tí a kò ní gbà ni yóò fi ewé náà dábùú. Á fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ọjọ́ tí mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe, ó ní, "Ìyá rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá rí i, á mọ̀ pé a kò gba ibẹ̀."

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ìyá mi dúró sílé láti wẹ̀ fún àbúrò mi, ó pọ̀n ọ́n, ó sì dé bá wa lóko kí oòrùn tó mú. Kò ké pe ẹnikẹ́ni, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ewé yẹn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo rí tí ẹnìkan kọ sí ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀wé.

Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe olùkọ́ jógíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa odò Náílì, mo kọ́ wọn nípa Amazon, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya bí omi ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ títí àfonífojì fi ń là láàárín òkè méjì. Kò sí ọjọ́ kan tí mo ní kí wọ́n ya ọ̀nà tí wọ́n gbà wá sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń dùn mí. Àwọn ọ̀nà oko tó so Òmù-Àrán mọ́ Èsìẹ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò, tó tún ń gun òkè lódìkejì, ń kú lójú wa báyìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí wọn rí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan tí mo fi kọ́ ọmọ.

Àwa Ìgbómìnà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà nínú orúkọ wa. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ilé-Ìfẹ̀, Odùduwà fún un ní ògbó, irú àdá kan ni, láti fi máa la igbó. Ibi tí ògbó bá darí sí ni wọ́n ń gbà. Wọn kò ṣìnà, wọ́n sì ń wí pé ògbó mọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Ìgbómìnà ti wá. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Ìsin ní ìpínlẹ̀ Kwara ló ní púpọ̀ nínú wa, àwọn tó kù sì wà ní apá Ìlá-Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa: koríko ga, igi igbá àti igi òrí dúró káàkiri, ṣùgbọ́n bí o bá ti ń sún mọ́ odò, igbó á ṣú, ilẹ̀ á tutù, ọ̀pẹ á pọ̀ sí i. Èèyàn lè di ojú, kó sì fi imú mọ̀ pé òun ti ń dé etí omi.

Ọ̀nà oko kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹni méjì kì í rìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹnìkan á ṣíwájú, ẹnìkan á tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ tí ẹni iwájú bá ń sọ, ẹ̀yìn ló ń jù ú sí. Bí ẹni tó ru ẹrù bá pàdé ẹni tí kò ru nǹkan, ẹni ọwọ́ òfìfo ló ń bọ́ sínú koríko fún un. Ọmọdé kì í dúró kó máa wo àgbàlagbà tó ru ìdì igi bọ̀. Á yà fún un, á kí i, "Ẹ kú oko," á dúró títí yóò fi kọjá. Kò sẹ́ni tó ń kọ èyí sára pátákó. Inú rẹ̀ la dàgbà sí.

Àwọn ọmọ mi tó wà ní Èkó máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọ̀nà oko kì í lọ tààrà. Ó ní ìdí. Ẹni tó kọ́kọ́ là á kò ní ẹ̀rọ tó ń hú igi. Bó bá kan ọ̀gán, á yí i po, bó bá kan àpáta, á gba ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tó dára kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ sí àbàtà, ẹ̀yìn òkè ló ń tọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ, tí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dé odò ló tó ń já wálẹ̀, ibi tó sì ń já sí kì í ṣe ibi tí ojú kọ́kọ́ rí. Ibi tí òkúta wà lábẹ́ omi ni, tí ẹsẹ̀ kò ní rì. Ní ọ̀nà tiwa, ibì kan wà tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ láìsí ọ̀gán, láìsí àpáta. Ìyá àgbà ní igi ńlá kan ló wó síbẹ̀ nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Gbogbo ayé yà fún un. Igi ti jẹrà, ó ti di ilẹ̀, àwọn tó rí i nígbà tó wó ti kú, ọ̀nà ṣì ń yà fún un.

Odò wa kì í ṣe odò ńlá. Ó ń sáré lọ sí àríwá láti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ wọ odò Ọya. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fi òkúta mẹ́rin sọdá rẹ̀ láìtutù ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹsàn-án, ó lè kún láàárín wákàtí kan, nítorí òjò tí a kò rí, tó rọ̀ lókè ọ̀hún. Òkúta kan wà láàárín rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́ bí ọlọ ata. Òfin wa nílé ni pé bí omi bá bo òkúta yẹn, a kì í sọdá. Ì báà ṣe pé oúnjẹ ń bẹ lóko tí ẹranko ń jẹ, ì báà ṣe pé òjò tún ń ṣú bọ̀, a ó gba òkè odò lọ síbi tí ìtí igi kan dábùú omi, ìyẹn á sì fi nǹkan bí wákàtí kan kún ìrìn wa. Mo ti dàgbà, mo ti ń fi owó ìjọba jẹun lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kí n tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ri igi onílà mọ́ inú odò láti fi wọn gíga omi. Iṣẹ́ kan náà ni òkúta ọlọ wa ń ṣe.

Ọ̀nà méjì ni odò kọ̀ọ̀kan ní nìyẹn, ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò. Àlejò tó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì kò tíì mọ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn àmì mìíràn tí ẹni tó bá fẹ́ rìn ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Igi tí wọ́n fi àdá sá lára ní ìwọ̀n àyà èèyàn, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ọ, ń sọ fún ọ pé o ṣì wà lójú ọ̀nà. Pèrègún tó tò lọ gbọnrangandan, ààlà ilẹ̀ ni. Igbó kì í gbin pèrègún, èèyàn ló gbìn ín. Bí o bá rí àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so mọ́ igi tàbí tí wọ́n fi kọ́ lẹ́nu oko, ààlè nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án, má sì wọ oko náà. Ebi ò sì gbọdọ̀ pa arìnrìn-àjò kú o: ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ẹni ebi ń pa lè sun iṣu kan nínú oko olóko, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kó fi èèpo sílẹ̀ kí olóko rí i. Bó bá gbé ọ̀kan lọ sílé, olè ni.

Ọ̀nà wọ̀nyí kò mọ sí oko nìkan. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tó sì dé Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà ló di ibùdókọ̀ ojú irin àwọn èèyàn wa. Bàbá bàbá mi ru ẹrù fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ kó tó wọ rélùwéè lọ sí Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ nípa ìrìn àjò yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ tó ń tú èéfín. Ti iye odò tó sọdá kó tó dé Ọ̀fà ni, ó sì lè ka gbogbo wọn lórúkọ.

Ọ̀nà Èsìẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Èsìẹ́, ère òkúta ló ń wá sí i lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n fi òkúta rírọ̀ gbẹ́ wọn: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó sórí àpótí, ẹni tó di idà mú, ẹni tó di irun lọ́nà tí kò sẹ́ni tó ń dì í mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń pa nílùú ni pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ló kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó, ní nǹkan bí ọdún 1775. Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó ń ṣe àbẹ̀wò àwọn ilé ìwé ìjọ CMS, sọ fún ìjọba ohun tó rí níbẹ̀. Ní 1945, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ilé yẹn sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ni pé láti ọwọ́ ọdẹ dé ọwọ́ òyìnbó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Àwọn arúgbó Èsìẹ́ tiẹ̀ ní àlejò ni àwọn ère náà, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rìn wá kí wọ́n tó di òkúta.

Bí ìyá mi bá ń mú wa lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, àfẹ̀mọ́jú la ń gbéra ní Òmù-Àrán. Ìrì á ti rin aṣọ wa gbingbin kí a tó dé odò. A ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà létí omi, a ó fi ewé ẹ̀kọ bu omi mu. Ìrọ̀lẹ́ la ń wọ ìlú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi ìyá mi kì í ṣe àlàáfíà ọkọ rẹ̀. "Báwo ni omi?" ni wọ́n máa ń wí, ìyá mi á sì sọ ibi tí omi mọ lára òkúta ọlọ fún wọn, kí ẹni tó ń bọ̀ ní Òmù lọ́la lè mọ èyí tí yóò gbà.

Ọdún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, mo ní mo fẹ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ mi kọ̀. N kò bá wọn jà, nítorí pé ẹ̀rù wọn ní ìdí. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó gúúsù Kwara di ibi tí àgbẹ̀ ń fi àdúrà wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n wọ ààfin ní Koro, ní apá Èkìtì ìpínlẹ̀ wa, wọ́n pa ọba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ oko tó wà lẹ́bàá odò ti di igbó. Mo lọ bá àbúrò mi kan tó jẹ́ ọdẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró kí n wádìí ọ̀nà ná." Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn fijilanté, wọ́n rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, ọjọ́ kẹta ló tó wá pè mí. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá mi lọ, a kò sì rìn kọjá odò.

Ìdajì ọ̀nà ni kò sí mọ́. Níbi tí oko ṣì wà, ilẹ̀ mọ́, ó le, ó ń dán bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n fi bọ́tọ̀ ra. Níbi tí wọn kò ti dáko mọ́, bẹẹrẹ ti ga ju orí ọdẹ lọ, àbúrò mi sì ń fi àdá wá ohun tí ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ láti kékeré. Ó ní bí òjò ọdún méjì bá rọ̀ sórí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, ọ̀nà náà ti lọ. Mo rí ibi tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣán an tán. Nígbà tí a dé odò, mo bọ́ bàtà mi, mo fi ẹsẹ̀ wá òkúta ọlọ, mo sì dúró lórí rẹ̀. Ó tutù. Omi kò dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Láti ibẹ̀ mo ń wo òdìkejì níbi tí ọ̀nà Èsìẹ́ ti yẹ kó gun òkè, n kò rí nǹkan kan àfi ewé.

Ẹ má rò pé láti òde ọ̀run ni àwọn ará ibòmíràn ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀nà ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onílẹ̀ ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn rìn gun òkè Kinder Scout láìgba àṣẹ, wọ́n sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ní 1949, wọ́n ṣe òfin kan pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà ní agbègbè rẹ̀ sínú àwòrán ilẹ̀. Ọ̀nà tó bá ti wọ inú àwòrán yẹn, onílẹ̀ kò lè ṣàdédé dí i. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó wà ní England àti Wales lónìí lé ní 200,000 kìlómítà, bàbá arúgbó àti ọmọ kékeré ń rìn ín ní òpin ọ̀sẹ̀ fún ìgbádùn lásán. Mo gbà pé ìjà tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Kò sí onílẹ̀ tó dí tiwa. Igbó ló ń dí i, àti ìbẹ̀rù, àti ọ̀kadà tó sọ pé títì nìkan ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kíkọ tí wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀ yẹn, àwa náà lè ṣe é, kò sì ná wa lówó.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Kí a tó gbéra lọ́jọ́ náà, ọmọ ọmọ mi fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń kọ ibi tí mo bá gbà sílẹ̀. Ó ní OpenStreetMap wà, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè fi ìlà tirẹ̀ kún, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, ó ṣí i hàn mí. Mo rí ọ̀nà ìyá àgbà mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́, ó sì dúró létí odò. Mo kọ́kọ́ ní kó fi ránṣẹ́ síta kíá. Àbúrò mi ọdẹ ló dá wa dúró. Ó ní kí a fi pa mọ́ sílé títí ọ̀nà yóò fi dára, nítorí ojú tí yóò rí i kò mọ sí ojú rere. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ìwé àjákọ la sì yà á sí. Ó wà lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ báálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò gbọdọ̀ dá lọ. Kó kọ́kọ́ kí báálẹ̀, kó wádìí lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, kó sì gba ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n bá ní òní kò dára. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù, ìgbà tí odò ti fà. Kó wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, pàápàá létí omi tó ń sáré, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò dúdú kékeré tó ń kó àrùn ìfọ́jú ran èèyàn ti ń bímọ. Àwọn tó ń gbé etí odò gbọ́dọ̀ máa lo oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín láàárín ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi ta ọrẹ. Ẹni tí kò bá sì tíì fẹ́ wọ igbó, mùsíọ́mù Èsìẹ́ wà, títì ló débẹ̀. Ìṣàn omi Òwu náà wà ní Ọ̀wà-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tó ń já láti òkè tó ga tó nǹkan bí mítà 120. Kó fi ìwọ̀nyí bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ń ṣe dáadáa: wọ́n ń gbẹ́ kànga, wọ́n ń tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀nà oko kún un. Láyé àtijọ́, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló mọ ibi tó kàn án láti ṣán, ọjọ́ kan ni gbogbo ìlú sì ń fi í ṣe. Bí ọ̀nà bá mọ́, àgbẹ̀ á padà sóko. Bí àgbẹ̀ bá pọ̀ lóko, ojú á pọ̀ nínú igbó, àjèjì tó ń bọ̀ pẹ̀lú ibi kò ní rí ibi sá pamọ́ sí. Àwọn ọdẹ ló sọ èyí fún mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Mo bẹ àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí náà: ẹ fún àwọn ọmọ ní ìwé òfìfo kan, kí wọ́n ya ọ̀nà tí wọ́n gbà wá láàárọ̀, kí wọ́n sì lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn léèrè orúkọ odò kọ̀ọ̀kan tó wà lójú rẹ̀ kí àwọn yẹn tó lọ.

Àbúrò mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ọjọ́ sí oṣù Kọkànlá, bí òjò bá ti dá. Láti Òmù ni a ó ti ṣán bọ̀ wá sódò, àwọn ará ìyá mi á ti Èsìẹ́ ṣán wá pàdé wa. Ọmọ Ìgbómìnà tó bá lè wá, nílé tàbí lẹ́yìn odi, kó mú àdá àti bàtà òjò dání. Oúnjẹ wà.